Waya Tí A Fi So Iṣu

Ihò méjìdínlógún ni Ọmọ́níyì lu sára ògiri ilé rẹ̀, kò sì sí àlejò tó wọ ilé náà tí kò ní wò wọ́n tán lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bu omi fún un mu. Ọmọ́níyì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ikùn, á nàka sí ihò tó wà nísàlẹ̀ ògiri, á ní, “Ẹ wo èyí. Waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà nínú rẹ̀. Waya gidi ni o, kì í ṣe ti inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo àdúgbò á máa jí lò.” Àlejò á ní ó dára. Ọmọ́níyì á tún mú un lọ síbi ihò kejì, èyí tí kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ rárá.

Dáírẹ́kítọ̀ ni Ọmọ́níyì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Adó-Èkìtì. Ó ku ọdún kan ààbọ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Bàṣírì láti fi dúró de ọjọ́ náà. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún buwọ́ lu ìwé àwọn ẹlòmíràn, nígbà tó bá ní nǹkan tirẹ̀ tán, ẹ ò ní gbádùn.

Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti wo àwọn ihò náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama ni kó tó fẹ̀yìn tì. Opó ni, Ìyìn-Èkìtì ló ń gbé, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Nígbà tí Ọmọ́níyì fi ihò kejìdínlógún hàn án, èyí tó wà nínú ilé ìwẹ̀ àwọn àlejò, ó bi í pé, “Níyì, ta ló fẹ́ máa wo fíìmù níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀?”

“Àǹtí Mosún, kò lè yé yín. Ọjọ́ iwájú là ń wò.”

“Ọjọ́ iwájú wo lo tún ní, ìwọ tí o ti fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún?”

Inú sítóò kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo waya náà ti pàdé, tí wọ́n wọ inú àpótí dúdú kan tí iná wínníwínní ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tó ń tọ́jú fíìmù tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n ilé ń gbà wò. Sítóò ni o. Àpò ìrẹsì àti bàtà àtijọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì ti kọ “Yàrá Ẹ̀rọ” sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì. Iléeṣẹ́ kan láti Èkó ló wá ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì lẹ ìwé pupa kékeré kan mọ́ ìdí àpótí pé bí ẹnikẹ́ni bá tú u tàbí tó gbé e kúrò lójú kan, àwọn kò ní tún un ṣe mọ́. Àwọn ará Èkó yìí kan náà ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ inú rẹ̀ lọ yọ nǹkan. Ọmọ́níyì bẹ̀rù ìwé pupa náà ju òfin mẹ́wàá lọ.

Mosúnmọ́lá ì bá fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n fíìmù bàbá wọn wà nínú àpótí náà.

Olùkọ́ orin ni bàbá wọn, Ọ̀gá Ọlálérè, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé bàbá wọn ní Odò-Adó, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n jẹ iyán tán, gbogbo ilé á jókòó sórí ẹní, bàbá á ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, fíìmù ẹbí á bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í bìkítà bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orin ló ń ṣọ́. Bí ohùn kan bá yẹ̀, á dá fíìmù dúró, á bú akọrin náà bí ẹni pé ó jókòó láàárín wọn, á tún dá a padà sẹ́yìn kí wọ́n lè jọ gbọ́ ìwà ìbàjẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà tí orin ń lọ, ìta ló ń lọ. “Fíìmù tí kò lórin,” bàbá á ní, “ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ ṣe orin fíìmù. Lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ òṣèré kan wá ya fíìmù ní Ìyìn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní *Ilé Lẹ Ń Bọ̀*, ìtàn olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kò wálé mọ́. Níparí, nígbà tí àwọn ọmọ náà padà dé, wọ́n nílò orin. Ọlálérè kọ ọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, òun ló tẹ dùùrù alátẹsẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ ọ́ lórin. Ojú àwọn méjèèjì hàn nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí Ọlálérè ti kú, èébu sì ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà dé ìdajì nígbà tí Títílọpẹ́, ọmọ Mosúnmọ́lá, rí èyí tó kù gbà sílẹ̀, tó kó o sínú àpótí dúdú kó tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì já sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹ̀dà mìíràn láyé.

Màmá Rẹ̀mílẹ́kún ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Láti ìgbà tó ti ṣubú lọ́dún tó kọjá ni Ọmọ́níyì ti mú un wá sílé rẹ̀, ó fún un ní yàrá nísàlẹ̀, èyí tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, Mosúnmọ́lá sì ń ti Ìyìn wá tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti kú pátápátá. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, dókítà yẹ etí òsì wò, ó mi orí. Ó ní ó ń lọ, ó lè tó oṣù méjì, ó lè má tó, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí kò sì lè ran irú èyí lọ́wọ́. “Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí Màmá gbọ́,” ó ní, “ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Màmá fi etí òsì náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Inú mọ́tò ló ti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. “Orin bàbá yín ni kí ẹ fi sí i fún mi,” ó ní. “Òun ni mo fẹ́ fi dágbére fún etí mi.”

Ìyẹn nìkan ló béèrè. Mosúnmọ́lá ní kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Ihò kọkànlá wà nínú yàrá Màmá, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn wà níwájú ibùsùn, kí ló tún kù? Ọmọ́níyì ní rárá, ohun ńlá kì í ṣe ohun kọ̀rọ̀. Ó ní òun á ṣe é lọ́jọ́ ìrántí bàbá, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, níṣojú àlùfáà àti ẹgbẹ́ akọrin, kí gbogbo ayé lè rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni etí ìyá rẹ̀ fi ń ṣọ́ ọjọ́ àṣeyẹ. Ẹ ò rí ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Sátidé náà, Babátúndé gbé iṣu titun dé láti Ijan. Ọmọ àbúrò bàbá wọn ni, àgbẹ̀ ni, Mosúnmọ́lá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì fi ọdún mẹ́ta ju Ọmọ́níyì lọ. Màmá kì í gbà kí wọ́n da iṣu òun sílẹ̀ bí òkúta. Àká ló ń fẹ́: kí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n so iṣu mọ́ ọn lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Iṣu tí a so lè rí ọdún titun. Èyí tó bá sùn sílẹ̀ tútù, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ọmọ́níyì ní àká náà ń ba ojú ilé òun jẹ́, ṣùgbọ́n ìdí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, kò tó bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

Okùn ìko tí Babátúndé mú wá tán nígbà tó ku bí ogún iṣu.

“Àǹtí,” ó ní, “ṣé okùn kankan wà nínú ulé yìí?”

Mosúnmọ́lá wò yíká. Lẹ́yìn táńkì omi, lára ìṣó kan, ló ti rí waya búlúù tí wọ́n ká jọ róbótó, tí eruku ti bò. Ó mọ̀ ọ́n. Irú èyí tó wà nínú ihò méjìdínlógún ni. Ẹ̀rín pa á.

“Wò ó, Túndé. Àwọn ará Èkó ṣiṣẹ́ tán, wọ́n gbé àjẹkù wọn kọ́ sí ìṣó. Mú ọ̀bẹ wá nínú ilé ìdáná.”

“Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́, Àǹtí?”

“Kí ló fẹ́ bà jẹ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra waya yìí, iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tó máa ṣe nìyí.”

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Kò wo ẹ̀yìn táńkì láti mọ ibi tí orí méjèèjì waya náà gbà, nítorí ẹni tó bá ń fi nǹkan ṣe ẹ̀gàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Babátúndé gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi so iṣu tó kù, waya náà sì mú iṣu dáadáa ju ìko lọ. Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín dé Ìyìn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àlùfáà wá, ẹgbẹ́ akọrin wá tòun ti ẹ̀wù funfun wọn, wọ́n kún yàrá Màmá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá wọ aṣọ òkè tó fi ṣe ìgbéyàwó, ó fi etí òsì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ́níyì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé waya. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ṣàlàyé waya. Bàbá tí wọ́n ń rántí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na rìmóòtù bí ọ̀pá àṣẹ, ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí nǹkan kan. Ọmọ́níyì tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan. Ó sáré lọ sókè, ó sáré wálẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ń ró wooro nídìí rẹ̀, òógùn bo ọrùn rẹ̀. Lókè, ihò gbogbo ń ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀, ihò kọkànlá ti yadi.

Mosúnmọ́lá kò lè pa á mọ́ra. “Níyì,” ó ní, “bóyá kí o fi ti ilé ìwẹ̀ gbìyànjú.” Ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́rìn-ín, àlùfáà náà fi Bíbélì bojú. Láàárín ẹ̀rín náà ni Màmá ti béèrè pé, “Ṣé orin ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Wọ́n gbìyànjú o. Wọ́n ní kí àwọn gbé Màmá gòkè. Màmá ní, “Ẹ fẹ́ gbé mi? Ujọ́ tí ẹ máa gbé mi, mi ò ní mọ̀.” Wọ́n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n òkè sókè pátápátá, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìró hùn-ùn hùn-ùn ló ń dé etí tó kù yẹn, Màmá sì juwọ́ pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n má fi ba èyí tó wà nínú orí òun jẹ́. Mosúnmọ́lá gba orin náà sórí fóònù, ó gbé e sí i létí. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀fọn ni mò ń gbọ́ yìí,” ó ní. Etí tó ń lọ, ohùn ńlá tó wà nítòsí ló ń fẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ńlá iwájú ibùsùn yẹn ló ń fẹ́.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, Mosúnmọ́lá gbé korobá lọ pọn omi nídìí táńkì. Ibẹ̀ ló ti rí orí waya búlúù kan tó ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀ kalẹ̀, tí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ń dán. Ó tẹ̀ lé orí kejì pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ó gba abẹ́ táńkì, ó wọ ara ògiri lábẹ́ fèrèsé Màmá.

Kì í ṣe àjẹkù. Waya ihò kọkànlá gan-an ni, tí wọ́n fi gígùn díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sì ká a jọ. Òun ló gé e. Òun ló sì fi ọjọ́ méjì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro. Kó wọlé, kó ní, “Níyì, èmi ni mo ṣèèṣì gé e, jẹ́ ká pe ẹni tó máa so ó.” Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún márùn-ún lè sọ ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀rín ẹgbẹ́ akọrin. Ó rò ó bí Ọmọ́níyì á ṣe máa sọ ìtàn náà fún àlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, títí ó fi máa kú: Àǹtí Mosún tó fi ọ̀bẹ ìdáná gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó fi ẹsẹ̀ ti orí waya náà sẹ́yìn táńkì. Ó gbé omi rẹ̀, ó wọlé.

Kò tíì gbé korobá kalẹ̀ tí Ọmọ́níyì fi ké lẹ́yìnkùlé. Ó ti rí iṣu.

Kó tó di ọ̀sán, Babátúndé ti gun alùpùpù rẹ̀ dé láti Ijan. Láti kékeré ni Ọmọ́níyì ti ń pe ọkùnrin yìí ní Bọ̀ọ̀dá Túndé, tó ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó nàka sí i lójú.

“Ìwọ Babátúndé! O wá gé waya nínú ilé mi láti fi so iṣu? Ará oko! O mọ ohun tó ń jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Nítorí ogún iṣu, o fi orin bàbá mi du ìyá mi!”

Babátúndé yíjú sí Mosúnmọ́lá, ó sì dúró. Kò wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kò wò ó bí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí. Ó dúró bí àbúrò ṣe ń dúró kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ wo obìnrin yìí o. Ogún ọdún ló fi dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀, tó ń sọ fún wọn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà ni pé, “Ẹ rọra máa pariwo. Màmá ń sinmi.”

Babátúndé mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ sídìí àká, ó tú iṣu tí wọ́n fi waya so lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn jẹ́ẹ́ sílẹ̀, ó na waya náà ní ẹyọ ní ẹyọ, ó sì kó o síwájú ẹsẹ̀ Ọmọ́níyì. Lẹ́yìn náà ló lọ sójú fèrèsé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

“Màmá, mò ń lọ ulé o.”

“Ṣé wọ́n ti fún ọ lóúnjẹ?”

“Wọ́n ti fún mi, Màmá.” Omi lásán, wọn kò fún un.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni Ọmọ́níyì wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí àwọn ará Èkó á fi dé, kí ìwé pupa má bàa bínú. Ará Èkó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mosúnmọ́lá náà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, ó ń pè wọ́n ní “àwọn wòlíì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀”. Ẹnu rẹ̀ tún mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń bú ẹlòmíràn lójoojúmọ́, kò ní gbọ́ ohun tí inú ara rẹ̀ ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó mọ ẹni tó lè tún un ṣe. Dùnmínínú, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba, iṣẹ́ waya ilé-ìwé àti ti ọ́fíìsì ló ń ṣe. Ìpè kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bí Dùnmínínú bá dé, á béèrè ẹni tó gé e. Nínú takisí láti Ìyìn, Mosúnmọ́lá á ní òní lòun máa sọ ọ́. Bó bá dé Bàṣírì, tó rí Ọmọ́níyì tòun ti kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀, á ní ó di ọ̀la.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, Màmá ṣì ń gbọ́ bí ará ilé kejì ṣe ń gúnyán, á ní odó wọn kò jinlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àfi kí wọ́n súnmọ́ ọn kí wọ́n tó kí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò béèrè orin mọ́. Iṣu tó wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kò sẹ́ni tó so wọ́n padà.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Mosúnmọ́lá ń gbé abọ́ oúnjẹ àárọ̀ kúrò nínú yàrá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí ẹní, gbogbo abọ́ tó wà lórí tíréè já lu ilẹ̀, ó fọ́ yángá lẹ́yìn ibi tí Màmá jókòó sí. Ìyàwó ilé kejì pariwo pé, “Kí ló dé níbẹ̀ yẹn?” Màmá kò yíjú. Ó ń wo igi ìbẹ́pẹ lójú fèrèsé, ó ń fi ìka lu itan rẹ̀.

Àárín àwókù yẹn ni Mosúnmọ́lá dúró sí tó fi pe Dùnmínínú.

Ọmọ náà parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé lẹ́yìn agogo mẹ́ta tòun ti àpò irinṣẹ́. Kò béèrè ihò kankan. Ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ̀ lé waya jáde, ó tọ ẹ̀yìn táńkì lọ tààrà, ó sì fa orí méjèèjì jáde.

“Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, mà,” ó ní. “Wọ́n fi èyí sílẹ̀ kí ó lè tó bí wọ́n bá fẹ́ sún tẹlifíṣọ̀n síbòmíràn. Ẹni tó gé e rò pé àjẹkù ni.”

“Ṣé iṣẹ́ púpọ̀ ni?”

“Rárá, mà. Ó ti tó ìgbà wo?”

“Ọ̀sẹ̀ márùn-ún.”

Dùnmínínú wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó tún wo waya. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìrẹsì tí wọ́n gbé kaná nígbà tó dé kò tíì jinná tó fi parí.

Ọmọ́níyì ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́rin, ó bá ojú tẹlifíṣọ̀n tó mọ́lẹ̀. Ẹ rò pé á béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe wà? “Mo sọ fún yín!” ó ní. “Waya gidi ni!” Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá, ó wá *Ilé Lẹ Ń Bọ̀*, ó sún un lọ síparí. Àwòrán náà ti ṣú, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ojú bàbá wọn nìyẹn, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ dùùrù, tó ń dijú. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti gèlè, ó lanu.

*Ilé lẹ ń bọ̀, ẹ má dúró lọ́nà,*
*Mo ti gbé fìtílà sójú fèrèsé.*

Ohùn náà mọ́, ó ga, ó sì kún yàrá. Mosúnmọ́lá kò gbọ́ ọ rí láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìjẹ́ pé ó gba inú àjà tàbí inú fóònù.

“Ẹ yí i sókè,” ni Màmá wí.

Ọmọ́níyì yí i sókè.

“Ẹ yí i sókè, ẹ̀yin ọmọ yìí.”

Ó yí i dé òpin. Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Ní òpópónà, ọlọ́kadà kan dúró, ará ilé kejì wá síbi ọgbà, wọ́n ń wo ilé náà. Gbogbo Bàṣírì ń gbọ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ ká etí òsì, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹnu ara rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé.

“Mosún,” ó ní, “kí ni mò ń wí níbẹ̀ yẹn?”

“Ẹ ò rí i?” Ọmọ́níyì ń pariwo lórí orin, kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. “Ká ní Túndé kò gé e ni! Kí ẹ pe ará oko yẹn wá, kó wá wo ohun tó fẹ́ bà jẹ́!”

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin ló fẹ́ sọ sí i létí, ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó ti mọ̀ sórí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi ẹnu kan etí náà, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ké, nítorí orin ń dún, nítorí etí ti dí. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe orin, orin náà sì parí lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé.

“Màmá, èmi ni mo gé e! Kì í ṣe Túndé! Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé e, mo sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún!”

Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́níyì. Dùnmínínú tó ń kó irinṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà dúró. Ará ilé kejì gbọ́, ọlọ́kadà gbọ́. Màmá ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń wo ti ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rọra fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Mo rántí báyìí. Bàbá yín ló kọ ọ́. Ó dùn, àbí kò dùn?”

Mosúnmọ́lá mi orí pé ó dùn.